Iṣẹ́ Wákàtí Kan, Kí Ló Dé Tó Ń Gba Odindi Ọjọ́?

Òṣìṣẹ́ dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò sùn, kò ṣeré. Aago márùn-ún lù, rìpọ́ọ̀tù ojú ìwé mẹ́ta tó yẹ kó ti parí kí oòrùn tó kan àtàrí ṣì wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ó sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbẹ́ kànga. Bí wọ́n bá bi í nílé pé kí ló ṣe lónìí, kò rí nǹkan kan tọ́ka sí.

Irú ọjọ́ báyìí ló mú kí ìmọ̀ràn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ẹ ṣe nǹkan fún ọjọ́ 21 kó lè mọ́ yín lára, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Àwọn kan nínú ìmọ̀ràn wọ̀nyí dára, àwọn kan kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, àwọn kan sì ń bá ara wọn jà. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí òrùlé ti ń jò, gbogbo yàrá ni yóò máa gbé abọ́ kiri. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò.

Kí ni ìpọkànpọ̀, kí sì ni ìdálọ́wọ́kọ́?

Ìpọkànpọ̀ ni kí èèyàn kó gbogbo ohun tí iṣẹ́ kan ń fẹ́ sọ́kàn, kó má sì jẹ́ kó bọ́ títí ọwọ́ yóò fi kúrò lórí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ìwé àti bírò là ń wí. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni iye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ìlà tó wà, orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ kò dọ́gba, àti ohun tó fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e. Díẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ọkàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í gbé wọn pẹ́.

Ìdálọ́wọ́kọ́ ni ohunkóhun tó bá mú ọkàn kúrò níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ó lè ti òde wá: ìpè, ẹni tó wọlé, iná tó lọ. Ó sì lè ti inú wá: ọwọ́ kàn gbé fóònù láìsí ẹni tó pè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti inú yìí kéré. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Victor González àti Gloria Mark, lọ jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi aago wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sún mọ́ ìdajì ìdálọ́wọ́kọ́ náà tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló fà á.

Ṣé èèyàn kò lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ ni?

Ó lè ṣe é, bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ohun tí ọwọ́ ti mọ̀. Ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí lè bá aládùúgbò rẹ̀ tàkúrọ̀sọ fún wákàtí kan, ẹ̀gúsí á bó, ọ̀rọ̀ á sì dùn. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni iṣẹ́ méjì tó jọ ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí ìṣirò. Ẹ máa kọ lẹ́tà lọ́wọ́ kí ẹnìkan máa pe nọ́ńbà fóònù sí yín létí, ẹ ó rí i pé bí lẹ́tà kò bá dúró, nọ́ńbà á sọnù.

Nítorí náà, ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sínú ìwé ìwáṣẹ́ pé àwọn lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fífò ni, láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, léraléra. Fífò kọ̀ọ̀kan sì ní owó ọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ti ọ́fíìsì kò tilẹ̀ tó ìyẹn: eku kan ṣoṣo là ń lé, a kàn ń bojú wẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni.

Níbo gan-an ni àkókò náà ń lọ?

Ẹ wo ẹni tó ń ka owó. Ìdì ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún náírà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kà á dé 67. Ẹnìkan yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Oo, ẹ ṣeun. Ilé ńkọ́?"

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n ṣé 67 ni, àbí 76? Ó di kó padà sí oókan. Ohun tí ìkíni yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, gbogbo 67 náà ni. Iṣẹ́ ọpọlọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé owó máa ń jẹ́ ká mọ̀ pé òǹkà ti bọ́. Rìpọ́ọ̀tù kì í sọ. A kàn máa ń ka ìpínrọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì rò pé oorun ló ń kùn wá.

Ohun kejì tún wà. Ní 2009, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sophie Leroy fi hàn pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí lọ sórí òmíràn, kì í kó gbogbo ọkàn rẹ̀ lọ. Apá kan á ṣẹ́ kù sórí èyí tó fi sílẹ̀, èyí tó lọ bá kò sì ní dára tó. A lè pe ohun tó ṣẹ́ kù yẹn ní àjẹkù ọkàn. Ó máa ń pọ̀ sí i bí a bá mọ̀ pé nígbà tí a bá padà, kánjúkánjú la ó fi parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè jókòó sípàdé, kó máa mi orí, kó má sì gbọ́ ohun kan nínú ohun tí wọ́n sọ.

Ẹ ti lè gbọ́ pé bí wọ́n bá dá èèyàn lọ́wọ́ kọ́, ìṣẹ́jú 23 ló ń gbà kó tó padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí pé ọpọlọ á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú 23. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Gloria Mark àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Irvine ni òǹkà yẹn ti wá. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tí wọ́n dá lọ́wọ́ kọ́ sábà máa ń yà sídìí bí iṣẹ́ méjì mìíràn kó tó padà sórí èyí tó fi sílẹ̀. Yíyà kiri yẹn ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ìròyìn ayọ̀ ni lójú tèmi, torí ẹni tó bá gba ọ̀nà tààrà padà kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mark tún dán ọ̀ràn yìí wò ní 2008, èsì rẹ̀ sì yani lẹ́nu. Ìmeèlì ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa dáhùn. Àwọn tí wọ́n ń dá lọ́wọ́ kọ́ tilẹ̀ yára parí iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ìmeèlì tí wọ́n kọ kàn kúrú ni. Ohun tó gorí wọn ni ìnira, ìkánjú àti ìbínú inú. Ẹ wá rí ibi tí àárẹ̀ ẹni tó gbẹ́ kànga ti wá.

Kí la ó ṣe kí ìpadàbọ̀ má pẹ́?

Ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ju gbólóhùn méjì lọ, pépà àti bírò ló sì ń fẹ́. Kí a tó dìde, ká kọ ibi tí a dé àti ohun tó kàn. Leroy àti Theresa Glomb gbé èsì ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 2018: àwọn tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa lórí iṣẹ́ tó já lu tiwọn ju àwọn tí kò kọ ọ́ lọ, torí ọkàn wọn kò ṣẹ́ kù sẹ́yìn mọ́.

Ká sọ pé oníṣirò owó wà lórí owó oṣù nínú Excel. Fóònù orí tábìlì dún, ọ̀gá ni. Bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì gbé e, ọwọ́ ọ̀tún ń kọ ọ́ sórí pépà pé:

*Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dé ìlà 143. Ìlà 139 fi 4,500 ju ti báńkì lọ. Kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ń gbani síṣẹ́, kí n tó bọ́ sí ti Ìbàdàn.*

Kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bó bá padà dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, kò ní máa yí ojú kọ̀ǹpútà sókè sódò. Ìpè kan ló máa kọ́kọ́ ṣe, sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́, ìlà 144 sì ń dúró dè é.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á kọ "parí owó oṣù". Orúkọ iṣẹ́ nìyẹn, kò sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Gbólóhùn ìpadàbọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tàbí ibi pàtó nínú, kó sọ ohun tó ń rú wa lójú, kó sì parí sí ohun kan tí ọwọ́ lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kọ irú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "níbo ni mo wà ná?"

Ẹ̀yìn pépà yẹn kan náà wúlò fún ìdálọ́wọ́kọ́ tó ń ti inú wá. Bí ọkàn bá ní kí ẹ san owó iná, tàbí kí ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn ń pariwo torí ó ń bẹ̀rù pé a ó gbàgbé ni.

Fóònù ńkọ́?

Àwọn kan ń dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń pa á. Ti àkọ́kọ́ kò tó. Ti èkejì ti pọ̀ jù: ará ilé á dààmú, ẹ̀yin náà á sì máa tàn án wò bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ẹni tí fóònù rẹ̀ wà ní yàrá mìíràn ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò ju ẹni tó gbé e sórí tábìlì, bí kò tiẹ̀ dún. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó tún un dán wò ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Ohun tí ọwọ́ kò tó, ọwọ́ kì í gbé e; ìdí yẹn ti tó láti fi fóònù sínú àpò, kí a sì fa síìpù rẹ̀.

Kí ọkàn lè balẹ̀, ẹ lo ohun tí fóònù ń pè ní Do Not Disturb, ètò tí kì í jẹ́ kó dún. Ẹ jẹ́ kí ìpè ẹni díẹ̀ ṣì lè wọlé: ọkọ tàbí aya, òbí, ilé ìwé àwọn ọmọ. Ètò kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, ti ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ bá ti tan ètò náà, bí ẹnì kan náà bá tún pè láàárín ìṣẹ́jú 15 lórí Android, tàbí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí iPhone, ìpè kejì á dún. Ẹ sọ fún ará ilé pé bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ẹ máà sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Lórí WhatsApp, ẹgbẹ́ ìdílé, ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ adúrà, gbogbo wọn lẹ lè pa ohùn wọn mọ́ fún wákàtí mẹ́jọ, fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí títí lọ. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ nínú wọn, ẹ kò sì kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ ni kò yẹ kí a pa mọ́ títí lọ. Àkókò ni kí ẹ fún un: aago mẹ́wàá, aago kan, aago mẹ́rin. Ohun tí kò lè dúró di aago kan, kí wọ́n pè.

Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kéèyàn fi jókòó?

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní Pomodoro ló gbajúmọ̀ jù. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló gbé e kalẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì ní ìparí àwọn ọdún 1980. Aago ilé ìdáná tó rí bíi tòmátì ló fi ń ka ìṣẹ́jú, orúkọ tòmátì ní èdè wọn ló sì sọ ọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 25, ìsinmi márùn-ún, bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìsinmi gígùn ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Nọ́ńbà 25 kì í ṣe òfin. Ó dára fún iṣẹ́ tí a ń sá fún, torí kò sẹ́ni tí ìṣẹ́jú 25 lè bà lẹ́rù. Ó dára fún fọ́ọ̀mù àti ìmeèlì. Ṣùgbọ́n fún ìwé kíkọ tàbí ìṣirò gígùn, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí gbogbo nǹkan tó péjọ sọ́kàn. Bí aago bá dún ní 25, bí ẹni tó gbé omi àmàlà kaná tó sì pa iná nígbà tó fẹ́ hó ni. Ẹ fi 50 dán an wò, kí ẹ fi mẹ́wàá sinmi.

Ohun tó ń ba ìlànà yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìsinmi náà. Wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á rí ọ̀rọ̀ tó ń bíni nínú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ èsì, aago á dún. Ìyẹn kì í ṣe ìsinmi, iṣẹ́ tuntun tí kò parí ni, pẹ̀lú àjẹkù tirẹ̀. Ẹ dìde, ẹ mu omi, ẹ wo ìta, ẹ rìn dé ẹnu géètì.

Ní Nàìjíríà, iná ló ń ṣètò ọjọ́ fún ọ̀pọ̀ lára wa. Ẹ fi iṣẹ́ tó ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sí àkókò tí iná sábà ń wà, ẹ fa ìwé tẹ́ ẹ máa lò sínú kọ̀ǹpútà ṣáájú, kí ẹ sì ní iṣẹ́ orí pépà kan nílẹ̀ tó ń dúró. Bí iná bá lọ tí kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, fóònù ni ọwọ́ máa ń lọ.

Bí ọ̀gá bá pè ńkọ́?

Àwọn ìwé òkèèrè á ní kí ẹ sọ pé ẹ kò ráyè. Kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá níbí, tàbí fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí a bẹ̀bẹ̀, ká sọ ibi tí a dé, ká sì dá àkókò:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti dé ìdajì ìṣirò yìí. Ṣé kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún parí ẹ̀, kí n wá bá yín ní ọ́fíìsì?"

Àkókò tí a dá yẹn ló ń mú kí wọ́n gbà. "Mò ń bọ̀ sà" lásán kò ní aago nínú, gbogbo wa la sì mọ ohun tí "mò ń bọ̀" lè túmọ̀ sí. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ máa bọ̀ báyìí, ẹ kọ gbólóhùn yín, kí ẹ lọ. Bẹ́ẹ bá sì jíṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn á máa gbà láìjanpata.

Ìkíni ńkọ́? Ẹ máà jókòó dè é. Ẹ rìn yí ká ní aago mẹ́jọ, kí ẹ kí gbogbo èèyàn tán, gbèsè ìkíni á ti kúrò lọ́rùn yín. Ẹni tó bá wá tàkúrọ̀sọ ní aago mẹ́wàá, ẹ dìde kí i. Ọ̀rọ̀ ìdúró kì í gùn bíi ti ìjókòó.

Ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ni lára?

Rárá. Oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ ní 1960 pé ó ń gba àwọn tí wọ́n tún ojú wọn ṣe tó ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí ojú tuntun náà tó mọ́ wọn lára. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, "ó kéré tán" bọ́ sọ́nà, ojú tuntun sì di gbogbo ìwà. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wo èèyàn 96 tó ń kọ́ ìwà tuntun kan fún ọjọ́ 84, ìdajì àwọn tó ṣe é déédéé nílò tó ọjọ́ 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yá jù fi ọjọ́ 18 ṣe é. Ẹni tó pẹ́ jù, ìṣirò fi hàn pé yóò tó ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé bí èèyàn bá fo ọjọ́ kan, kò ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù ní ọjọ́ 22 torí kò tíì mọ́ ọn lára, irọ́ ni wọ́n pa fún un.

Ohun tó ń mú kó yá ni kí a so ìwà tuntun mọ́ ohun tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. "Màá máa pọkàn pọ̀" kò so mọ́ nǹkan kan. Èyí so: "Bí mo bá ti gbé àpò kalẹ̀ láàárọ̀, màá fi fóònù sínú rẹ̀, màá sì ka gbólóhùn àná kí n tó ṣí ìmeèlì." Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwà márùn-ún lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ Ẹtì kò ní sí ọ̀kan.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ fa ìlà kan sáàárín pépà. Ẹ kọ "èmi" sápá kan, "wọn" sápá kejì. Nígbàkígbà tí ọkàn bá kúrò lórí iṣẹ́ kó tó parí, ẹ fa igi kan sí apá tó yẹ, fún ọjọ́ márùn-ún, láìyí ohunkóhun padà. Bó bá jẹ́ apá "èmi" ló kún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi fóònù àti ẹ̀yìn pépà. Bó bá jẹ́ "wọn" ni, ọ̀rọ̀ àkókò dídá àti gbólóhùn ìpadàbọ̀ ló kàn yín.

Nígbà mìíràn, apá méjèèjì á kéré, iṣẹ́ kò sì ní parí síbẹ̀. Ẹ wo oorun yín ná: ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta wà lójú ọ̀nà lálẹ́, tó tún jí ní aago mẹ́rin láti tètè kúrò nílé nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kò sí aago tòmátì tó lè ràn án lọ́wọ́. Bí oorun bá pé, ẹ ka iye wákàtí tí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín ń fẹ́ gan-an. Bó bá jẹ́ wákàtí 60 lọ́sẹ̀ fún ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ wákàtí 40, ìwé tí ẹ fi ka wákàtí yẹn ni kí ẹ mú lọ bá ọ̀gá.